Omi Iyọ̀ Tí Tíṣà Dà Nù

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti sáré láti Ìkòtún dé Abẹ́òkúta rí, mo sì padà kí ẹ̀bà tí ìyá mi tẹ̀ tó tutù. Ẹkùn kan lé mi dé ìdajì ọ̀nà, ó rẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa rọra bọ̀ lẹ́yìn.

Láàárọ̀ yìí ni fèrè tíṣà eré ìdárayá dún lẹ́yìn ilé wa ní Ìgàndò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Ẹni bá fẹnu kan omi, kó lọ jókòó." Tíì tí mo ń mu korò lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo gbọ́ nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ọ̀nà wa ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ pupa. Àwọn ọmọdé ìgbà náà kì í rìn. Eré ni wọ́n ń sá dé kànga, dé ilé kéú, dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Sìkírá, ọmọ ọmọ mi, ló yára jù nínú wọn. Bó bá jí ẹran nínú ìkòkò, kó o tó ṣíjú, ó ti dé Ìṣẹ̀rí.

Ilé ìwé wọn ní kí wọ́n sáré láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ni yóò lọ díje ní pápá ìjọba. Ọmọ náà ò rí oorun sùn mọ́. Ìyàwó mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, po omi, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sínú ike fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, mo kìlọ̀ fún un: "Na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa kó o tó gbéra. Má bẹ̀rẹ̀ bí olè. Máa fi omi yìí kan ẹnu lóòrèkóòrè, kí pajápajá má baà mú ọ."

Tíṣà wọn ìgbà náà gba ike náà, ó dà á sílẹ̀ lójú mi. "Bàbá, omi ló ń sọ ọmọ di ọlẹ."

"Ṣé ràkúnmí lẹ fẹ́ fi ọmọ náà ṣe ni, tíṣà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Sìkírá wojú mi, ó wojú rẹ̀, ó lọ tò sí ìlà. Ẹ̀kọ́ tá a fi tọ́ ọ nìyẹn: ohun tí tíṣà bá sọ labẹ gé.

Oòrùn ń jó bí iná alágbẹ̀dẹ. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Sìkírá ló wà níwájú títí a fi ń wo Ìkòtún lọ́ọ̀ọ́kán, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tó dì bí òkúta. Ó ṣubú. Èrò pé lé e. Ẹnì kan ń fi sálúbàtà gbá ẹsẹ̀ náà, òmíràn ń fi ìpara gbígbóná ra á bí ẹni ń fi ata pa ẹran lára. Àwọn ọmọ yòókù ń kọjá. Mo ra omi ọ̀rá, mo tú u sí i lẹ́nu. Ó dìde, ó bẹ́ sí eré, ó ṣe ipò kìíní. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja nínú ẹrẹ̀.

Lóde òní, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣeré, kẹ̀kẹ́ márúwá làwọn ọmọ ń gùn lọ ra búrẹ́dì. Ìwà òpònú ni ò yí padà ṣá. Mo ti wọ bàtà mi, mo ń lọ bá tíṣà tó fun fèrè láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n pe ọlọ́pàá bó bá wù wọ́n.

Ibi tí Sìkírá ti dìde, tí tíṣà sì dọ̀bálẹ̀ yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ ọ́. Ọmọ náà ò dìde. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo gbé e sí délé, kò sì sáré mọ́ títí dòní, bí òjò tilẹ̀ ń lé e bọ̀.