Aago Tí Kò Ní Nǹkan Nínú

Kí òyìnbó tó dé Ìlọrin, kò sẹ́ni tó ń pẹ́ dé ibi kankan. Bí a bá ní ká pàdé lẹ́yìn ìrun aláásárì, lẹ́yìn aláásárì náà la ó pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jókòó, á máa jẹ obì. Àfi ìgbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ dé, tí ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé e, ni àwọn ọlọ́lá ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kan láti inú àpò agbádá. Wọ́n á wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á dá a padà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló wí, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ti ń lọ." Ṣíọ̀! Ilẹ̀ tí ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ pé ó ń lọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ọkọ mi ló ń ṣe é fún wọn. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó" níbí. Lójú ayé rẹ̀ mi ò jẹ́ dán an wò, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, òun náà sì ti lọ bá Ọlọ́run. Bí mo bá ní kí n máa fi "wọ́n" ròyìn òun àti gbogbo àwọn aláṣehàn tó yí i ká, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń bú.

Agbo ilé àwọn oní-lántànà ni wọ́n bí i sí. Lántànà ni òkúta pupa tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọba àti ìyàwó olówó. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ sùúrù ni. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó dé Ọjà-Ọba, tó ń dán yanran, tí kò wúwo, àwọn èèyàn wa sáré lọ bá a, lántànà sì kú sọ́jà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó lọ sí oko. Òun ò lọ. Akọ̀wé ojú irin kan ló fún un ní aago tó ti bàjẹ́, ó tú u, ó wá rí i pé òkúta pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀ fìdí lé, kí wọ́n má baà tètè jẹ. Ó sáré wọlé wá bá mi.

"Ìyàwó, wá wò ó! Iṣẹ́ ilé wa ni òyìnbó fi sínú rẹ̀!"

Mo ní kó lọ fọ ọwọ́ kó wá jẹun.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí aago tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, kí ládàánì máa wò ó kó tó pe ìrun. Kò wá ẹṣin, kò wá oyè, kò tilẹ̀ wá ìyàwó kejì, ìyẹn ni mo fi fara dà á.

Àkọ́kọ́ tó ṣe, igi ló fi ṣe ara rẹ̀, ó tóbi tó àpótí aṣọ, ó sì ń dún bí ajá tó ń jẹ egungun. Lárúbáwá oníṣòwò kan tó gba ìlú wa kọjá ló kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa kà á. Ní ti àwa Mùsùlùmí, alẹ́ ló ṣáájú ọ̀sán. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni aago ọkọ mi ń lu méjìlá. Aago ti òyìnbó ń lu méjìlá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹni tó lórí pípé ń wá ibòji. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ dúró lẹ́yìnkùlé, á máa wo oòrùn títí tí yóò fi rì, á wá wọlé wá tún ọwọ́ aago rẹ̀ ṣe, torí oòrùn kì í wọ̀ lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Àwọn ará ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: bó bá jẹ́ oòrùn ni yóò máa wò, kí ló ń ṣe aago fún? Ó ní ọjọ́ ìkúùkù ń bẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì kéré, ó wọ inú àpò, awọ pupa tiwa nìhín-ín ló fi ṣe ilé rẹ̀. Ó ń rìn geere. Kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Ìgbà tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà, tó lẹ lántànà yí etí rẹ̀ ká, tó sì wá ń tàn, ni ọgbọ́n wọ orí àwọn ọlọ́lá lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Wọ́n ń wọ́ wá sílé wa. Kò sí èyí tó bi í nínú wọn pé ṣé ó ń rìn.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni Bàbá Olóbì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é, torí òun ló ń kó obì lọ sí òkè Ọya. Ó lówó, ó lẹ́nu, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kì í sì í sọ pé rárá fún un. Ó gba aago onífàdákà, kò pẹ́ ó gbé e padà wá.

"Kò dún tó. Bí mo bá jókòó níbi ìsọmọlórúkọ, ó yẹ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ."

Ọkọ mi ṣe é kó dún. Ó tún gbé e wá: ó fẹ́ ìdérí tí yóò máa ṣí pẹ̀lú ariwo, kpà! kí orí gbogbo èèyàn lè yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ṣe ìdérí. Ó tún dé: àwọn òǹkà ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ọkọ mi pa òǹkà rẹ́, ó fín ọnà sójú rẹ̀ bí igbá ìyàwó. Ó tún ní kí ọwọ́ méjèèjì dúró sókè gangan, níbi méjìlá, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wuyì jù. Níkẹyìn, ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣàábánì, kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó ju aago náà sórí ẹní wa.

"Ó wúwo. Ó tún ní kí n máa yí kọ́kọ́rọ́ láràárọ̀ bí ẹni ń bọ́ ẹran. Kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò."

Mo rò pé ọkọ mi á lé e jáde. Ó ní òun ti gbọ́.

Bí àlejò ṣe jáde báyìí ni mo kọjú sí ọkọ mi. "Ẹ ó sì kó o kúrò lóòótọ́?"

"Inú oṣù ààwẹ̀ yìí ni àwọn àgbà máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ aago mọ́ṣáláṣí. Bí Bàbá Olóbì bá bá mi sọ ọ́, ó parí."

"Bàbá wọn, irọ́ ni."

"Ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ṣé ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ń purọ́ ni?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ kì í sọ fún èèyàn pé òun mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú."

Ó kó kẹ̀kẹ́, ó kó irin, ó kó lántànà inú rẹ̀ jáde, ó pa ìdérí dé. Aago ńlá ti mọ́ṣáláṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, èyí tó ti fi ọdún kan gbáko dá, idẹ ní gbogbo ara, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí èémí ọmọ tó sùn. Mo sọ òtítọ́, aago náà dára. Mi ò rí ohun tí mo lè bú nínú rẹ̀, mo sì wá a.

Ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò òjò lọ́dún náà. Bàbá Olóbì a máa pe àdúgbò wá ṣínu níwájú ilé rẹ̀, torí kí wọ́n lè rí i pé ó ń ṣe sàráà. Lọ́jọ́ kan, ìkúùkù bolẹ̀ láti ìgbà aláásárì, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. A ti gbé kókó ògì àti mọ́sà kalẹ̀, àwa obìnrin wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wà nílé, kì í fẹ́ fi aago rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ládàánì jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń wo òkè, ó ní òun ò mọ̀ bóyá oòrùn ti wọ̀, ká ṣe sùúrù. Ni aláìnísùúrù kan bá ní, "Ṣebí Bàbá ní aago!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó mọ̀ pé òfìfo ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó mọ̀! Ó lè ní aago òun ń ṣòjòjò. Ó lè ní òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Rárá o. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó ṣí i, kpà! Ọwọ́ méjèèjì dúró síbi tó ní kí wọ́n dúró sí.

Ó ní, "Méjìlá ti lù. Bísímílà."

Mo pariwo, "Ẹ dúró ná! Ẹ má tí ì mu!" Ta ní í gbọ́ obìnrin nígbà tí ebi ń pa ọkùnrin? Ládàánì sáré lọ pe ìrun, wọ́n da kókó sọ́nà ọ̀fun. Kókó ò tí ì tutù nínú ikùn wọn tí ìkúùkù fi là, oòrùn bá yọ lórí ògiri ilé, ó pupa, ó tóbi, ó ń wò wá. Lá ìláhà! Àwọn kan ń tu mọ́sà jáde, àwọn kan ń fọ ẹnu bí ẹni tó jẹ májèlé. Wọ́n ti jẹ ààwẹ̀ gbogbo àdúgbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan: aago oní-lántànà ló ba ààwẹ̀ èèyàn jẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó pẹ̀lú Lémọ́mù. Ọkọ mi ti gbé aago ńlá rẹ̀ wá, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ títa, a ń gbọ́, a sì ń yọjú.

Bàbá Olóbì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Aago rẹ̀ ló tàn mí jẹ."

Lémọ́mù kọjú sí ọkọ mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọkọ mi ń wo Bàbá Olóbì, ó ń retí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Olóbì ń ka tẹ̀sùbáà. Lémọ́mù ní kí wọ́n gbé aago inú àpò Bàbá Olóbì fún òun. Ó fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, aṣáà sì dà sí i láyà lórí aṣọ funfun. Aṣáà! Baba olówó ti sọ ọ́ di àpò aṣáà. Ẹnì kan sín, ni ẹ̀rín bá bú jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá Olóbì náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní àṣà aṣáà ni òun ò lè fi sílẹ̀, òun ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, òun á bọ́ àwọn tálákà láti fi wẹ̀ ẹ́ nù. Wọ́n ní Ọlọ́run á gbà á. Báyìí lọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe parí. Kò sí ohun tí olówó ṣe tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Lémọ́mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó wo ọkọ mi. "Nígbà tí o fi èyí lé e lọ́wọ́, ìwọ mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?"

"Mo mọ̀, Àfáà."

"Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn ńkọ́?"

"Èyí ń rìn, Àfáà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ."

Gbogbo wọn dẹ etí. A gbọ́ ọ títí dé ẹ̀yìn aṣọ títa, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

"Mo gbọ́ ọ," Lémọ́mù ní. "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o lè ṣe òfìfo, tí o sì lè pa ìdérí rẹ̀ dé, tí o fi lé Mùsùlùmí lọ́wọ́, mi ò lè fi ìrun èèyàn lé ọ lọ́wọ́. Gbé e lọ sílé."

Mo fẹ́ bínú sí Lémọ́mù, kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ti sọ fún ọkọ mi lórí ẹní wa ló sọ. Ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ẹ máa rò pé àwọn ọlọ́lá á sá fún un lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ò mọ̀ wọ́n! Kí ọdún tó yí, wọ́n ti kún iwájú ilé wa. "Ṣe irú ti Bàbá Olóbì fún èmi náà. Èyí tó gba aṣáà." Ó ti di fáàrí. Ní àkọ́kọ́ ọkọ mi ń kọ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, kò kọ̀ mọ́. Ó ń ṣe é láti àárọ̀, kò ní kọrin, kì í sì í lọ wo oòrùn lẹ́yìnkùlé mọ́.

Ní ọjọ́ kan, idẹ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo rí i tó tú aago ńlá náà kalẹ̀ sórí ẹní. Ó ń gé idẹ ara aago náà sí wẹ́wẹ́ fún ìdérí aago aláṣáà. Ó na agbọ̀n sí mi pé kí n bá òun mú un, ó sì ń da àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín sínú rẹ̀ bí ẹni ń da ìdọ̀tí. Ẹnu mi tó mú, ẹnu tí mo fi bú gbogbo ìlú, kò rí èébú kankan sọ lọ́jọ́ náà. Mo mú agbọ̀n náà lọ́wọ́, mo ń sunkún.

Mo bi í pé, "Bàbá wọn, kí la ó wá máa fi mọ̀ pé oòrùn ti wọ̀?"

Kò gbójú sókè. Ó ní kí n máa wo ìta.