Orúkọ Tí Mo Fi Wé Ẹja

Òórùn ẹja yíyan ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí ọjà Ọ̀yìngbò. Bí bọ́ọ̀sì bá ṣe ń sún mọ́ ojú irin ni èéfín Màkókò tó ti wọ ara ẹja yóò ti máa pàdé wa lọ́nà, tòun ti òógùn èrò. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ìdí mi kì í gba ìjókòó mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, o ti bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ló dé tí n kì í gba ẹja tí wọ́n bá wé sínú bébà. Ó dáa, jẹ́ n sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín o.

Ìgbà SAP ni, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Mo ń kàwé gba oyè kejì ní yàrá ìwádìí kan ní Yábàá. Dókítà tó ń tọ́ mi sọ́nà, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí kì í pariwo, ti fi ọdún mẹ́ta kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí omi ọ̀sà yóò ṣe ga tó nígbà òjò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la kọ fúnra wa. Apá tí ìṣirò rẹ̀ le jù, àwọn kan lókè òkun ló kọ ọ́, tí wọ́n fi ta aráyé lọ́rẹ. Inú díísìkì kan ló wà, ó sì ti ti ọwọ́ èèyàn bíi mẹ́rin kọjá kó tó kàn wá. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bí ogójì ìlà nìkan ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, tí wọ́n tún kọ síwájú abala kọ̀ọ̀kan: orúkọ àwọn tó ṣe é, àti pé ẹni tó bá wù lè lò ó, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kó má yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò láé. Ẹni tó bá yí nǹkan padà níbẹ̀, kó sọ ohun tó yí, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Èmi ni mo yọ ọ́. Díísìkì wọ́n bí ojú nígbà náà, ètò wa ò sì gba orí ẹyọ kan mọ́. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í ka ọ̀rọ̀ yẹn, kí ló wá ń gbàyè fún? Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ọgbọ́n mi sì dùn mọ́ mi gan-an. Mo tún nu díísìkì tó gbé e wá, mo kọ nǹkan mìíràn sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Dókítà pè mí. Àlejò kan ń bọ̀ láti Gánà lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ti ń lé àwọn èèyàn kúrò nílé nílùú tiẹ̀, ètò wa ló sì ń bọ̀ wá gbà.

"Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni iṣẹ́ dà? Mi ò rí i níwájú rẹ̀."

"Ó wà nínú èyí tí a tẹ̀ sórí bébà, mà. Màá dá a padà síbẹ̀."

"Yára. Láìsí i, kò ní kúrò nínú yàrá yìí. Kì í ṣe tiwa nìkan láti fún èèyàn."

Mo mọ ibi tí bébà náà wà. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ló ń ta ẹja yíyan ní Ọ̀yìngbò. Bébà kọ̀ǹpútà, èyí tó gùn gbọọrọ tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sí irú ẹ̀ lójú Àǹtí: ó nípọn, òróró kì í tètè jò ó. Oṣooṣù ni mo máa ń di èyí tí a ti lò tán lọ bá a, tí inú mi á máa dùn pé mo ń ṣe aájò ẹbí.

Mi ò lè dúró de bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yìngbò, mò ń rìn mò ń sáré, mi ò tilẹ̀ kí Àǹtí dáadáa tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí tú àpò bébà.

"Kí ló sọnù? Ṣebí ìwọ lo ní kò wúlò mọ́?"

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn kan fún wa ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ní ká má yọ orúkọ wọn, mo sì yọ ọ́. Àǹtí fọwọ́ kan àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ ẹja kan. Mo ti ń rí àwọn àkísà yẹn láti kékeré, mi ò bèèrè rí.

"Àmì obìnrin Ègùn kan tó yan ẹja yìí nìyí, ní Màkókò. Aláwọ̀ ewé yẹn, ti ìyá ọkọ ẹ̀. Títí apẹ̀rẹ̀ á fi ṣófo, n kì í tú u. Tí oníbàárà bá ní ẹja yìí dùn, ta ni kí n ní ó yan án, èmi? Ìwọ tó kàwé ló wá tú tìẹ dànù?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú àpò, àwọn oníbàárà ń pòṣé sí mi. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo rí ìdajì ojú ewé kan nísàlẹ̀ àpò. Àwọn àdéhùn wà níbẹ̀ pérépéré. Ìdajì òkè, níbi tí orúkọ wà, ti bá ẹja ẹnì kan lọ sí Muṣin tàbí Sùúrùlérè.

Jẹ́ n sọ òótọ́ fún ọ: ó ṣe mí bíi kí n hùmọ̀ orúkọ òyìnbó méjì kan. Ta ló fẹ́ mọ̀? Gbogbo òru yẹn ni mò ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró níwájú Dókítà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹnu mi sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹja. Kò bú mi. Ó ka ìdajì bébà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Tẹ èyí tó kù yìí padà síbẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ wà, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Kí o sì fi orúkọ ẹ sí i. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹni tó bá yí nǹkan padà ṣe nìyẹn."

Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́: àwọn kan ló ṣe iṣẹ́ yìí, èmi ni mo pa orúkọ wọn rẹ́, mo sì fi bébà rẹ̀ ta ẹbí mi lọ́rẹ láti fi wé ẹja. Àlejò náà kà á, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé bó bá mọ àwọn olóhun, kó bá wa kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ó gbé díísìkì sínú báàgì, ó lọ.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, nígbà tí Dókítà ti fẹ̀yìn tì, tí èmi sì ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí wa, díísìkì kan dé láti Gánà. Ètò wa ni, àwọn èèyàn ti tún un ṣe kọjá ohun tí a lérò. Lókè pátápátá, orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀. Àlejò wa ti rí wọn! Mo ké sókè nínú ọ́fíìsì. Mo wá rí ohun tó wà lábẹ́ wọn: ọ̀rọ̀ mi, orúkọ mi, àti ẹja. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn mi ti to orúkọ tiwọn sísàlẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan tèmi.

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì tí mo fi pa ogójì ìlà rẹ́ lọ́jọ́sí. Orúkọ ti padà, kí ni tèmi tún ń gbàyè fún? Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo tún ka àdéhùn wọn. Ohun tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ní olóhun, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi mọ̀ pé ohun tí wọ́n tọrọ jù lọ́wọ́ mi ni pé kí n má yọ ọ̀rọ̀ tí mo bá níwájú rẹ̀. Wọn ò sọ pé tó bá ti jẹ́ èyí tó ń tì mí lójú, kí n yọ ọ́. Mo gbé ìka mi kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, tòun ti ẹja.