Orúkọ Tí Màmá Òyìnbó Fẹ́ Sọ Ọmọ Mi

Òórùn kànfọ́ inú sùtánà ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú tí mo bá rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi, nínú ìjọ Aládùúrà wa ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Ọkọ mi ti gbàyè wálé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté Hamburg. Ìyá mi ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Màmá òyìnbó tó tọ́ mi náà ti England wá, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀, nítorí orúkọ kan ṣoṣo tó fẹ́ sọ ọmọ náà.

Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ìyá mi, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní England, gbé mi fún un ní ìlú ọlọ́jà kékeré kan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń kàwé níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni a bá lábà ni baba. Òun ni mo bá lábà. Lọ́jọ́ ọjà, á fà mí lọ́wọ́ yí ìlú ká, á máa sọ fún mi nípa oníṣòwò irun àgùntàn tó kọ́ ilé agogo, adájọ́ tí ọba bẹ́ lórí, àti obìnrin tó tọ́jú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn kọlù títí àrùn fi pa òun náà. Èmi òmùgọ̀ ọmọ, mo rò pé baba ńlá mi ni gbogbo wọn!

Nígbà tí ìyá mi mú mi lọ sí Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àlejò kan ní kí n ki oríkì orílẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi gẹ̀ẹ́sì kì í: èmi ọmọ oníṣòwò irun àgùntàn, ọmọ adájọ́ tí ọba bẹ́ lórí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Látọjọ́ náà, bí àlejò bá ti jókòó, á pè mí kí n wá kúnlẹ̀ tún un kì. Èmi náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, màmá òyìnbó sọ owó sínú abọ́ omi, ó pe orúkọ obìnrin tó tọ́jú aláàrùn yẹn. Ìyá mi fò dìde.

"Ẹ gbówó yín! Alágbàtọ́ kì í sọ ọmọ lórúkọ."

Wòlíì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Rárá o! Ìyá mi fi Yorùbá ròyìn oríkì òyìnbó mi fún gbogbo ìjọ. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí wọra ni pé màmá òyìnbó, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó kọjú sí ìyá mi, ó fi gẹ̀ẹ́sì béèrè pé: "Èwo ló yẹ kí ọmọ yín kì nígbà náà? Ta ló kọ́ ọ?"

Ìyá mi gbọ́ ọ yékéyéké. Ojú tì í, nítorí kò kọ́ mi rí, inú sì bí i.

"Ó dáa. Ẹni tó kọ́ ọ ni kó máa kì wọ́n lọ, tìyá tọmọ. Oríkì wa kò ní ti ẹnu mi bọ́ sétí ọ̀kankan nínú wọn láéláé."

Ó dẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìbàdàn, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ títí ó fi kú. Òun nìkan ló kù nílé wa tó mọ oríkì náà. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Wúrà tèmi mú bí abẹ, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí dòní.

Orúkọ tí màmá òyìnbó sọ ọmọ náà ló ń jẹ́. Jámánì ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ káàárọ̀, mà." Níbi tó yẹ kí ìyá ti ki ọmọ rẹ̀, mo máa ń ní kó dìde, kó wá jẹun.