Ọ̀rọ̀ Tí Katsue Ń Tì Gba Abẹ́ Ìlẹ̀kùn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ọ̀rọ̀ ìyànjú lè pa èèyàn. Èmi Fumiyo tí mò ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Nagaoka ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣojú mi kòrókòró.

Aládùúgbò mi ni Katsue. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń bá a wí bí ẹni ń bá àbúrò wí. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yan ìpápánu ìrẹsì ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Masaki. Masaki lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tokyo. Ó ń ṣe é tọ̀sán tòru títí ara fi kọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó padà wálé, tó gun òkè lọ sínú yàrá rẹ̀, tó sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá, kò jáde. Ìyá rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú ìlẹ̀kùn, á lọ, á tún padà wá gbé àwo òfìfo.

Oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi wá rí sí i ni àwọn tó ń sọ ìtàn ayé wọn fáwọn èèyàn. Oṣooṣù ni wọ́n ń pe irú wọn wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò wa. Afọ́jú tó gun òkè ńlá wá. Obìnrin tó fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù méjìlá wá. Ọkùnrin tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́yà nígbà mọ́kànlá, òun náà wá. Katsue kì í pa ọ̀kan jẹ. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó, pẹ̀lú bírò àti ìwé kékeré. Tó bá délé, á da gbólóhùn tó dùn jù kọ sórí pépà, á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí ẹ̀: ganbare, ìyẹn 'ṣe gírí'. Á wá tì í gba abẹ́ ìlẹ̀kùn.

Àbí ta ni kì í sọ ọ́ nínú wa? Ọmọ ń lọ ṣèdánwò, ganbare. Aboyún ń rọbí, ganbare. Ẹnì kan wà lórí òrùlé tó ń kó yìnyín dànù kó má bàa wó ilé, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á gbójú sókè kígbe pé ganbare, ṣe gírí sí i! Tó ò bá sọ ọ́, wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní lọ́jọ́ kan, "pépà tẹ́ ẹ ti tì sínú yàrá yẹn ti tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kọ́mọ sinmi ná."

"Ìwọ máa ta tófù ẹ," ló dá mi lóhùn. "Ìwọ tó ò bímọ, kí lo mọ̀?"

Ó dùn mí wọra. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé ọsàn wá láti fi bẹ̀ mí, mo sì gba ọsàn náà.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, yìnyín bọ́ bíi pé wọ́n dìídì rán an sí wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní ẹnì kan tún ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, Katsue wọ mọ́tò mi, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Mo kọ èyí tó le lónìí," ó ní. "Mo ní: 'O ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń tọ́mọ. Jọ̀ọ́, nítorí èmi ìyá ẹ, ṣe gírí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ganbare.'"

Mo ṣáná sí mọ́tò. N ò wá ìjà ọsàn míì.

Marukawa lorúkọ ẹni tó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù méjìlá o," ó ní, a rẹ́rìn-ín. "Ọdún méje ni mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní ganbare. Ẹ má ṣì mí gbọ́, ìyá mi fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe gírí títí okun fi tán nínú mi, ìyẹn gan-an ló gbé mi dé inú yàrá. Ẹni tó ti ṣe é tán, tẹ́ ẹ tún ní kó ṣe sí i, kí lẹ ní kó lọ ṣe? Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dáhùn pé, 'Ó dáa, Màmá.' Mo bá jáde lọ sójú irin, kí ọkọ̀ lè gbá mi. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan ló fa ẹ̀wù mi sẹ́yìn."

Ni Katsue bá dìde. Ìtìjú bá mi, nítorí kò sẹ́ni tó ń dìde báyẹn láàárín wa. Mo fà á láṣọ, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "tó bá jẹ́ àárọ̀ yìí ni èèyàn sọ ọ́ fọ́mọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ọmọ yẹn fèsì?"

"Ó fèsì. Ó ti tó ọdún kan tí mi ò gbóhùn ẹ̀. Ó ní, 'Ó dáa, Màmá.' Inú mi sì dùn!"

Bàbá náà yọ awò ojú ẹ̀. "Màmá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ báyìí."

Bí mo ṣe dé ìdí mọ́tò, n ò mọ̀. Ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú ọ̀nà wà níwájú wa, ó ń fà bí ìgbín.

"Fumiyo, yà á sílẹ̀!"

"Ibo ni kí n yà sí, Ẹ̀gbọ́n? Inú yìnyín?"

Ó ń pe fóònù ilé. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́," ló ń wí ṣáá. "Háà, ọwọ́ ara mi!"

Nígbà tá a délé, a sáré gòkè. Ìlẹ̀kùn Masaki ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ti gbálẹ̀ yàrá, ó ti ká ibùsùn, ó sì to gbogbo pépà ọdún mẹ́sàn-án jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yàrá tó mọ́ tóní-tóní yẹn ló já mi láyà jù. Yìnyín kan ré bọ́ láti orí òrùlé kọjá lójú fèrèsé, gbì. A tún sáré bọ́ síta.

Masaki ti fi àkàbà gun òrùlé, ó wà létí ibi tó ga jù, láìsí okùn tó máa dì í mú nídìí. Ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Ẹ wo ẹnu burúkú! Ẹnu mi là láìbéèrè lọ́wọ́ mi: "Masaki, gan—" Katsue gbá ẹnu mi mú débi pé ètè mi bẹ́jẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun wá gbogbo ìtàn tó wà nínú ìwé òun lọ́kàn, afọ́jú, oníbúrẹ́dì, gbogbo wọn, kò sí èyí tó wúlò níbẹ̀.

"Masaki," ó pè é jẹ́jẹ́. "O kú iṣẹ́ o."

Ọmọ náà wo ṣọ́bìrì ọwọ́ ẹ̀. "Iṣẹ́ wo, Màmá? Ṣọ́bìrì mẹ́rin péré ni mo kó."

"Mi ò sọ ti yìnyín. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi wà nínú yàrá yẹn, o ò sì kú. Mo rò pé o kàn jókòó ni, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ lò ń ṣe. O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ó ti tó."

Masaki jókòó sórí yìnyín, ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Kì í ṣe torí yìnyín ni mo ṣe gòkè," ó ní. "Torí kí wọ́n má bàa bi mí léèrè ni mo ṣe mú ṣọ́bìrì. Bàbá kan tiẹ̀ kọjá nísàlẹ̀, ó ní kí n ṣe gírí."

"Mo mọ̀," ni ìyá ẹ̀ wí.

"Òtútù ń mú mi, Màmá. Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Katsue di ẹsẹ̀ àkàbà kan mú, èmi di ìkejì, a ò sì sọ nǹkan kan fún un títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi kanlẹ̀.