Àlàájì Tó Fẹ́ Fi Oríkì Yan Ọrun

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọrun àkọ́kọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pé àádọ́ta ọdún, ẹ má mú ẹni tó mọ oríkì yín dání. Èmi tí mo ń ta ọrun àti ọfà ní Ìtàmágà, ní Ìkòròdú, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Àlàájì Mùdá dé láti Ẹ̀pẹ́, òun àti àbúrò bàbá ẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Àlàájì ṣe olórí ẹbí ni. Ìdílé jagunjagun ni wọ́n. Olórí ẹbí tuntun gbọ́dọ̀ ta ọfà sára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín agboolé lọ́jọ́ kejì Iléyá, lójú ẹbí àtàwọn àna. Tó bá tàsé, wọn ò ní gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ o, àmọ́ Àlàájì Tàsé ni wọ́n á máa pè é títí wọ́n á fi sin ín. Kò sì fọwọ́ kan ọrun rí láyé ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó kàn ń fi ẹ̀rín bò ó ni.

Mo gbé ọrun tó rọ̀ jù fún un. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Láṣunwọ̀n máa ń ní kí n wo apá oníbàárà, kí n má wo ẹnu ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọfà títa gbọ́dọ̀ lè fa okùn ọrun dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó dúró, kó mí, kó má gbọ̀n. Àlàájì fà á wẹ́rẹ́. Mo ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àṣé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà wo ọrun náà, ó yínmú. Ó ní ṣé eléyìí ni ọmọ àwọn máa gbé jáde lójú àna. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: ọmọ ata-má-tàsé, ọmọ atafà tójú ogun fọ́. Orí Àlàájì wú. Ó nawọ́ sí ọrun tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá tún kì í, ó tún nawọ́ sí òmíràn. Kí n tó mọ̀, èyí tó le jù ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lásán, ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Apá ẹ̀ tóbi lóòótọ́, àmọ́ iṣan tó ń gbá ìṣó kọ́ ló ń fa ọrun. Ó fà á títí ojú ẹ̀ fi pọ́n, ọfà bá já bọ́ sórí bàtà ara ẹ̀.

Mo ní, "Àlàájì, tẹ́ ẹ bá gbé èyí délé, kò sóhun tó máa ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àna yín ni kí wọ́n sá."

"Ọmọ jagunjagun kì í gbé ọrun ọmọdé," ló fi dá mi lóhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ojú Ìyá ni. Bí mo bá sì ń bá oríkì jiyàn, mo fẹ́ pàdánù nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá mi, nínú oríkì yín, ṣé ẹni tí ọrun ẹ̀ le ni wọ́n ń kì ni, àbí ẹni tí ọfà ẹ̀ bà?"

 Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì náà lábẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi yẹ̀.

"Ẹni tó bà ni," ló wí. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọrun rírọ̀ lé Àlàájì lọ́wọ́, ó sì kì í lórí ìyẹn. Orí tún wú. Kíá ló ní kí n bá òun dì í.

Títí Iléyá fi dé ló ń wá kọ́ ọ ní pápá mi lọ́nà Agbowà. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, mo bá wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àyà mi ń já ju tiẹ̀ lọ. Ọfà náà ò bá igi láàárín o, ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé, àmọ́ ó wọlé. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, mi ò tijú.

Ìyá Àgbà bá yíjú sí mi, ó bi mí ní oríkì mi. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ló bá gbà á lẹ́nu mi, ó ń kì mí lójú gbogbo ẹbí.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọrun líle ara ògiri yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé, mo sì fà á. Èjìká mi ò tíì dárí jì mí di òní.