Ọjọ́ Tí A Fi Ẹsẹ̀ Lùlù ní Òrò-Àgọ́

Wọn ò tíì kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Èsìẹ́ nígbà tí mo gbọ́ tí bíúgù ń dún láti ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má fun fèrè kí ilẹ̀ tó mọ́, àmọ́ inú wọn ti dùn kọjá ìkìlọ̀. Nígbà tí mo fi dé ẹnu géètì, gbogbo wọn ti tò: ọmọ mẹ́rìnlélógún nínú aṣọ kádẹ́ẹ̀tì, bẹ́rẹ́ẹ̀tì lórí, bàtà dúdú tí wọ́n ti nù títí tó ń kọ mọ̀nà.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Báàndì kádẹ́ẹ̀tì yìí, ìyẹn ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè tó ń yan bíi sójà, ìfẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìlù kékeré mẹ́jọ la ní, àti bíúgù mẹ́fà. Fèrè idẹ ni bíúgù, kò ní ibi tí èèyàn ń fi ìka tẹ̀. Ètè àti èémí nìkan ló ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìlù ńlá kan ṣoṣo tí a ń pè ní béèsì ni olórí wọn. Ràfíátù, ọmọbìnrin kúkúrú kan tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ló máa ń gbé e kọ́ àyà. Bí béèsì bá ti dún, gbogbo ẹsẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó balẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òrò-Àgọ́ ló pe àwọn báàndì agbègbè wa sí ìdíje. Àwa ò tíì lọ irú rẹ̀ rí.

Alfa Sàálíù, awakọ̀ wa, so ìlù ńlá náà mọ́ orí bọ́ọ̀sì nítorí pé inú ọkọ̀ ti kún. Ó fa okùn náà wò lẹ́ẹ̀mejì. A gbéra.

Títí dé Òmù-Àrán, orin ni wọ́n ń kọ. Ọ̀nà tẹ́jú, àwọn ọlọ́kadà ń juwọ́ sí wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí erùpẹ̀ pupa sì gba ipò rẹ̀. Nílé, bí a bá ní ọ̀nà kan ò dáa, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé kòtò wà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà yìí, kòtò ni ọ̀nà gan-an. Ibi tó tẹ́jú ló ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ebè iṣu lọ́tùn-ún lósì! Ebè wọn ga dé ìbàdí mi. Níbi tí a ti dúró sinmi, obìnrin Fúlàní kan gbé wàrà wá. Igba náírà ni ẹyọ kan, bí a ṣe ń rà á ní Èsìẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan tiwọn tó méjì tiwa.

A ò tíì rìn jìnnà kúrò níbẹ̀ tí tírélà kan fi dí ojú ọ̀nà. Alfa gba inú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kàn gbọ́ “fààà!” lókè orí wa ni. Nígbà tí a sọ ìlù kalẹ̀, ẹ̀ka igi ti gba ojú kan wọlé, ó sì ti gba ojú kejì jáde.

“Ẹ̀bi mi ni, Tíṣà,” Alfa wí. “Mo rí ẹ̀ka yẹn. Mo rò pé a ó kọjá lábẹ́ rẹ̀ ni.”

Ràfíátù ń fi ọwọ́ ra etí ibi tó ya bí ẹni ń wo egbò. Èmi ti pinnu nínú ara mi pé ká yí padà, torí báàndì tí kò ní béèsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣáko, wọ́n á sì fi àwọn ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” Ràfíátù ní, “ẹ má dá wa padà. Mo mọ gbogbo ibi tí ìlù mi ti ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ gbá a.”

“Ẹsẹ̀ ẹnì kan ò lè dún bí béèsì, Ràfíátù.”

“Gbogbo wa ni, mà!” àwọn tó kù dáhùn.

Mo ní kí wọ́n ṣe é kí n rí i. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo pariwo, “Máàkì táìmù!” Ìyẹn ni pé kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ sókè-sílẹ̀ lójú kan. Eruku pupa bò wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dàrú. Mo ń ké, “Òsì! Òsì! Òsì, ọ̀tún, òsì!” títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń ta mí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bọ́ sí i. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń kọjá lọ sóko gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

“Alfa,” mo ní, “ẹ wakọ̀.”

Àlejò ṣíṣe wọn ní Òrò-Àgọ́ yàtọ̀ sí tiwa. Àwa máa ń dúró kí ayẹyẹ parí ká tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò. Àwọn ò gbà ká dé pápá láìjẹun. Iṣu sísun gbígbóná àti epo pupa ni wọ́n fi pàdé wa. Báàndì mẹ́ta ló ṣáájú wa, gbogbo wọn ló ní béèsì tó ń dún bí àrá.

Ó kàn wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ Ràfíátù ṣófo, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìlà ẹ̀yìn ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ràfíátù ò wo ẹ̀yìn. Ó gbé orúnkún dé ìbàdí, ó gbá ilẹ̀: gbì! Òmíràn, gbì! Ẹsẹ̀ ọmọ mẹ́rìnlélógún di ẹyọ kan. Bíúgù bọ́ sókè, ìlù kékeré ń sáré tẹ̀ lé e, mo sì ń gbọ́ ilẹ̀ náà lábẹ́ bàtà mi. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó gbà wá lálejò, tí wọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀ bá wa. Ká tó dé òpin pápá, gbogbo wọn ti dìde.

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni adájọ́. Ipò kejì ló fún wa, torí ìlà ẹ̀yìn tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ó ní, “Mo ti rí báàndì tí ìlù rẹ̀ ń dún tí ẹsẹ̀ ò gbọ́. Òní ni mo kọ́kọ́ rí èyí tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlù.” Ẹni bá gbọ́ igbe wa á rò pé ipò kìíní ni.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a padà dé Èsìẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ Ràfíátù ti wú, bàbá rẹ̀ gbé e pọ̀n láti ẹnu bọ́ọ̀sì, ọmọ náà sì ń ròyìn fún un lọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dúró tí mò ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká padà” ti wà lẹ́nu mi láàárọ̀; bí ọmọ yẹn bá pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, à bá ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè kí n tó pinnu ohun tí agbára wọn ò ká.

Ọkọ mi bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ti rí. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Igbe ti gbé e lọ. Mo fa ìwé àti bírò sọ́dọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.