Khainza àti Olè Ilẹ̀

Khainza ni awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ lábúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní Bududa, bàbá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Lọ́jọ́ tí bàbá yìí rí i pé pèrègún ààlà ti yẹ̀, àdá ló fà yọ sí Gidudu, aládùúgbò rẹ̀.

“Olè! O sunkún bí ojo lọ́jọ́ ìkọlà tó ń sọ ọmọkùnrin dọkùnrin, o tún wá ń jí ilẹ̀!”

“Ìwọ gan-an lolè!”

Khainza gbé ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ojú sánmà débẹ̀, ó fi wé ohun tó wọ̀n lọ́dún tó kọjá. Pèrègún, kọfí, ilé àwọn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló ti sún sọ́nà odò.

“Bàbá, òkè yìí ló ń yọ́ rìn. Ẹ kẹ́rù!”

Wọ́n kó kúrò. Nígbà tí òjò já òkè náà lulẹ̀, kò bá ẹnì kankan nílé.

“Ọmọ mi ló mú olè ilẹ̀!” ni bàbá ń fọ́nnu kiri.

“Ọmọ wa ni, jàre!” ni Gidudu máa ń dá a lóhùn.

Kò sí pèrègún kankan láàárín ilé wọn tuntun.